Bọ́bìn Tí Òwú Tán Nínú Rẹ̀

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàdínlógún.

Bí fídíò náà ṣe gùn tó nìyẹn. Arúgbó kan jókòó sórí àga ní fàráńdà ilé kan ládùúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì, ó dorí kodò. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń ya fídíò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì bo ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohùn ọmọbìnrin náà dún ketekete:

"Ọ̀pẹ lásánlàsàn. Orí ẹ ti ṣófo bíi bọ́bìn tí òwú tán nínú ẹ̀."

Fídíò náà parí kí arúgbó náà tó gbórí sókè. Ẹni tó yà á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé wá wo ohun tí ọmọ tó kàwé ń sọ sí bàbá bàbá rẹ̀ tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dé Ìyìn, ó ti dé Ìgèdè, ó ti dé orí fóònù àwọn ọmọ Ìgèdè tó wà lókè òkun. Àwọn tó wò ó ṣépè fún ọmọbìnrin náà, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí òun náà lè ṣépè tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọpọ́n ayò ni.

Orúkọ arúgbó náà ni Akínọlá Ayọ̀rìndé. Télọ̀ ni, ní Ìgèdè-Èkìtì. Kò rán aṣọ olówó ńlá rí láyé rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ló ń rán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó sídìí tábìlì ìjọba ní Adó lónìí ló sì jẹ́ pé ṣòkòtò péńpé tí ó rán ni wọ́n wọ̀ lọ sí kíláàsì kìíní. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìyàrá onípáànù kan lẹ́bàá títì, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, bẹ́ńṣì gígùn kan wà níta. Bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, Bàbá Télọ̀ a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, a tẹ́ ọpọ́n sórí bẹ́ńṣì, àwọn ọkùnrin a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣèèṣì gba ibẹ̀ kọjá.

Nídìí ọpọ́n ayò, kò sí bàbá, kò sí ọmọ. Ẹni tó bá jókòó ti bọ́ ipò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ, ọ̀ta sì lè bú ọ̀pẹ bó ṣe wù ú. Ọmọdé lè pe olóyè ní ọ̀pẹ, olóyè ni yóò wá èsì. Bí kò bá rí èsì, òun ni wọn yóò fi rẹ́rìn-ín délé. Ẹni tó ń ta ayò láì la ẹnu, ọkà ló ń ṣà, kì í ṣe ayò. Gbogbo ọkùnrin tó dàgbà sí Ìgèdè ló mọ èyí. Kí òǹkàwé fi í sọ́kàn, nítorí wọn yóò ṣe bí ẹni pé wọn kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá Télọ̀ ni ọ̀ta àdúgbò náà, inú iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ti ń mú èébú jáde. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ ẹnì kan kú bíi àlùmọ́gàjí tó dógùn-ún. A ní òun yóò gé ẹlòmíràn kúrú bíi ṣòkòtò péńpé, òun kò sì ní ṣẹ́ etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn ni ti bọ́bìn, ìyẹn irin kékeré tí télọ̀ ń ká òwú sí nínú ikùn ẹ̀rọ. "Orí ẹ ti ṣófo bíi bọ́bìn tí òwú tán nínú ẹ̀." Ó sọ ọ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ó sọ ọ́ sí katikíìsì. Bàbá Ọmọ́táyọ̀ káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bá a parí rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí ọmọkùnrin rẹ̀, Akínbọ́lá, nígbà tí ìyẹn wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Akínbọ́lá bú sẹ́kún, ó wọlé, kò sì jókòó sídìí ọpọ́n náà mọ́.

Nígbà tí Akínbọ́lá dàgbà, tó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Adó, tó fẹ́ Fọláṣadé olùkọ́, wọ́n bí Monínúọlá. Lákòókò ìsinmi gígùn, wọn a mú ọmọ náà lọ sí Ìgèdè, ibẹ̀ sì ni Bàbá Télọ̀ ti kọ́ ọ láyò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje. Àwọn kan ní ọmọbìnrin kì í ta ayò. Bàbá Télọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọpọ́n ló sọ fún wọn. Nígbà tó ju ọ̀rọ̀ bọ́bìn sí ọmọ náà, kò sunkún. Ó wo ojú ọpọ́n, ó ta, ó kó mẹ́ta, ó ní: "Bọ́bìn tó ṣófo ló jẹ yín yìí o, Bàbá."

Bàbá Télọ̀ na ìka sí i. "Má fi 'ẹ' bá mi ta ayò. 'Ẹ' ni mo fi ń kí àwọn oníbàárà mi."

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀pẹ ni ó ń pe ọmọ náà, kódà bí ó bá fẹ́ rán an lọ ra òwú.

Lára ṣòkòtò ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fara hàn. Ó rán ọ̀kan tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó mú aṣọ títa ojú fèrèsé tí ṣọ́ọ̀ṣì gbé fún un, ó gé gbogbo rẹ̀ sí yunifọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn èyí, ó jáde láàárọ̀ kan láti lọ ra òwú ní Adó, ọlọ́kadà kan ló rí i nígbà tó di ọ̀sán ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìyìn, tó ń béèrè ilé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá. Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí ọlọ́kadà náà. Ìyàwó rẹ̀ náà ti kú, nítorí náà Akínbọ́lá wá kó o lọ sí Adó. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Ọpọ́n ayò wà ní ìsàlẹ̀ àpótí tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí, lábẹ́ àwọn àgékù aṣọ.

Dókítà tí wọ́n mú un lọ bá sọ pé Àlísáímà ni wọ́n ń pe àìsàn náà, àrùn tó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, pé kò ní oògùn tó lè lé e lọ. Ó ní ohun tó bá ń dùn mọ́ bàbá nínú tẹ́lẹ̀, kí gbogbo ilé máa bá a ṣe é, nítorí pé ọwọ́ máa ń rántí lẹ́yìn tí orí bá ti gbàgbé. Akínbọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà. Ó lọ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó hùwà burúkú sí Bàbá nínú ilé náà. Ìyẹn gan-an ni kí á sọ. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n sì ń kí i. Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ohùn tí wọ́n fi ń kí i rọ̀, ó lọ sílẹ̀, ó jọ ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí a tẹ́ òkú sí. Bàbá a sì dáhùn pé "Ẹ ṣé," pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí àlejò tó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ. Ó ń pe Akínbọ́lá ní Ọ̀gá. Ó ń pe Fọláṣadé ní Nọ́ọ̀sì.

Monínúọlá parí ìsìnrúùlú rẹ̀, kò ríṣẹ́, ó padà sílé. Òun ni wọ́n fi Bàbá tì. Bí ó ṣe ń wá nǹkan tí yóò fi lẹ aṣọ kan ló kan ọpọ́n náà nínú àpótí. Ó gbé e jáde sí fàráńdà, ó pín ọmọ ayò sínú ilé wọn, ó ní: "Ẹ ta, Bàbá." Bàbá wo ọpọ́n, ó wo ọmọ náà, ó ní "Ẹ ṣé." Ó tún ní kí Bàbá ta. Bàbá mú ọmọ ayò kan, ó fi ìka pa á lára, ó dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó rẹ ọmọ náà, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

"Ọ̀pẹ, ṣé o ti sùn ni?"

Bàbá gbórí sókè. Ojú rẹ̀ mú. "Ta lò ń pè lọ́pẹ?"

"Ìwọ ni. Ṣé ẹlòmíràn wà níbí ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọpọ́n. Ó ta yíká, kò ka ọmọ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kó ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu Ìgèdè tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nínú ilé náà láti ọjọ́ tó ti dé: "Gbéra ńbẹ̀. Máa lọ ulé, lọ jẹ uyán, kó o dàgbà kó o tó padà wá."

Monínúọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá ń wò ó. "Ọ̀pẹ yìí kò tíì gbọ́n," ni ó wí. Ó ti pé ọdún méjì tí kò ti pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ tó jẹ́ tiẹ̀.

Oṣù mélòó kan tí ó tẹ̀ lé e ni ó dára. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọpọ́n a jáde. Fọláṣadé a gbé àga wá, a máa tú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lójú kan, a máa wo ọpọ́n lójú kejì. Nígbà tó yá ó pa ìwé tì, ó jókòó, Bàbá jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ní obìnrin yìí ń ta ayò bí ẹni tó ń da omi fún ewúrẹ́. Fọláṣadé ní òun yóò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ rẹ̀ jù. Bàbá ní kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ìgbà yẹn ni òun yóò mọ̀ pé ó lè se ọbẹ̀. Ayò nìkan kọ́ ló ń padà. Bí ó bá ti ta tán, ó lè fi wákàtí kan sọ ti ọmọ olóyè kan tí ṣòkòtò rẹ̀ fà ya lójú agbo, kò sì ní ṣì í sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo rẹ̀ a tún lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀la ń bọ̀, ọpọ́n sì wà.

Akínbọ́lá náà jókòó lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ń sọ pé "Ẹ ṣe é, sà, ó kàn yín, sà," ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè jẹ. Bàbá jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Ó yíjú sí Monínúọlá.

"Mú èyí kúrò. Kò wá ta ayò. Ó wá kí mi ni."

Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó wọlé. Monínúọlá rí ojú rẹ̀. Ojú ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tí a dárúkọ lókè yìí, àwọn obìnrin ìjọ wá kí Bàbá lẹ́yìn ìsìn. Títílọpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn akọrin, ló ṣáájú wọn dé ẹnu géètì. Ó gbọ́ ohùn, ó dúró, ó yọ fóònù. Nígbà tó ya ohun tó fẹ́ yà tán, ó dá fóònù padà sínú báàgì, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì jẹ ìrẹsì tí Fọláṣadé gbé fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó dá fóònù padà nìyí: Bàbá gbórí sókè, ó kó ọmọ ayò mẹ́ta nínú ilé Monínúọlá, ó ní, "Bọ́bìn tó ṣófo ló jẹ ọ́ yìí," ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún un lómi mu. Títílọpẹ́ gbọ́ ẹ̀rín náà kí ó tó dé ẹnu àtẹ̀gùn. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá Akínbọ́lá pè é sínú ọ́fíìsì, ó na fóònù sí i, ó béèrè bóyá fàráńdà rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Akínbọ́lá wò ó títí dé ìparí. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá rẹ̀ ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ ti sunkún nítorí rẹ̀ rí. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: ayò ni wọ́n ń ta, sà. Ó ní òun yóò bá ọmọ náà wí.

Ó délé, ó fi táwẹ́lì wé ọpọ́n, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ̀.

Ní Sátidé, àwọn àgbà ẹbí ti Ìgèdè dé, Bàbá Ọmọ́táyọ̀ wà láàárín wọn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, Bàbá Télọ̀ wà lórí àga rẹ̀ ní igun. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ìdílé ti di ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀pà. Monínúọlá ṣàlàyé: ti dókítà, ti ọpọ́n, bí Bàbá kì í ti í dáhùn àfi tí wọ́n bá bú u. Ẹnì kan béèrè bóyá ìyẹn ni wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú sí káfíńtà àtijọ́ náà.

"Bàbá Ọmọ́táyọ̀, ẹ̀yin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ẹ sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bọ́bìn fún wọn."

Ọkùnrin náà wo orí ọ̀pá rẹ̀. "Ìgbà yẹn yàtọ̀, ọmọ mi. Ara rẹ̀ le nígbà náà."

Kò parọ́. Ohun tó ṣe burú ju irọ́ lọ: ó wá òótọ́ kékeré kan, ó sá sábẹ́ rẹ̀.

Akínbọ́lá pàṣẹ kí Monínúọlá kúnlẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, sà." Bàbá, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, gbórí sókè. Ó wo ọmọ tó wà nílẹ̀, ó wo àwọn àgbà tó fajú ro yíká, ẹ̀rù sì bà á.

"Kí ló dé tí ọmọ yìí fi ń bẹ̀bẹ̀? Ta ló kú?"

Ó tún béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Fọláṣadé ní kò sẹ́ni tó kú, Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ṣé," ni Bàbá wí.

Fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ọpọ́n náà kiri. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà fún un, a kó o nínú abọ́, a máa gbìn ín sí etí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì, a sì gbójú sókè wo ẹni tó jókòó kọjú sí i. Fọláṣadé, tí ó ti jókòó sídìí ọpọ́n náà rí, tí ó ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mọ ohun tó ń wò. Ó nu tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ògì àti iṣu lílọ̀ ni wọ́n ń fún un, pẹ̀lú ṣíbí, kí ó má baà máa fi oúnjẹ ṣeré. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà jókòó jẹ́ẹ́ lórí itan. Àwọn ará ìjọ tó wá kí i ní ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí. Wọ́n dúpẹ́.

Monínúọlá rí iṣẹ́ olùkọ́ sí ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìyìn, ó ń lọ láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Akínbọ́lá àti Fọláṣadé lọ sí òkú kan ní Àkúrẹ́. Monínúọlá gun àga, ó sọ ọpọ́n kalẹ̀, ó tú táwẹ́lì, ó gbé e lọ sí fàráńdà níwájú Bàbá. Ó pín ọmọ ayò. Ó ta tirẹ̀. Ó dúró.

"Ọ̀pẹ," ni ó wí. "Ó kàn ọ́."

Bàbá ń wo títì.

"Ọ̀pẹ, ṣé o ti sùn ni?"

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé ó kù, èyí tó ti gbé e wọ fídíò, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbàdúrà: pé orí rẹ̀ ti ṣófo bíi bọ́bìn tí òwú tán nínú rẹ̀.

Bàbá yíjú sí i. Ó wò ó dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀, bí a ti ń wo ènìyàn pàtàkì tí a kò mọ̀ rí. Ó di apá àga mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba fún ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ma," ni ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ẹ ṣé tí ẹ wá kí wa."

Monínúọlá ṣa ọmọ ayò náà padà sínú àpò wọn. Ó wé ọpọ́n, ó gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Bàbá Télọ̀ ṣì wà láàyè. Ó ṣì wà lórí àga yẹn, ládùúgbò Adébáyọ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n sì ń kí i. Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù rẹ, ìwọ tí o fi í ránṣẹ́. Má pa á rẹ́. Padà sí gbogbo ibi tí o fi í ránṣẹ́ sí, kí o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ayò ni wọ́n ń ta, pé arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló ni èébú náà, pé ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ wá sí Adó, jókòó síwájú rẹ̀, kí o sì mú un rẹ́rìn-ín.